Odídẹrẹ́ Kì Í Ṣe Rédíò: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Mú Kí Ẹyẹ Yìí Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi n'Íbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ rí odídẹrẹ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀ tán. Àkànkẹ́ ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá akọ ni, nítorí akọ àti abo odídẹrẹ́ kò yàtọ̀ lójú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ ló ń fi wọ́n hàn. Àyà rẹ̀ ti pá, ìyẹ́ apá rẹ̀ ti já, orí nìkan ni ìyẹ́ kù sí, torí pé ẹnu ẹyẹ kò lè dé orí ara rẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn kan ní iná adìẹ ni, wọ́n sì da kẹrosíìnì sí i lára. Kí ọdún náà tó parí, Àkànkẹ́ kú. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣe é. Àwọn ọmọ ilé tó máa ń bá a ṣeré ti lọ sí ilé ìwé gíga lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá gbé àgò rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kì í ti í rí ẹnikẹ́ni láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù lọ nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ: kí á fi odídẹrẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Nínú igbó, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn máa ń kóra jọ sórí igi láti sùn, ariwo wọn a sì gba gbogbo àyíká. Ẹyẹ agbo ni. Bó bá wà nílé wa, àwa ni agbo rẹ̀, èdè agbo ló sì ń kọ́ nígbà tó bá ń pe orúkọ ọmọ yín tàbí tó ń sín bíi bàbá yín. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú odídẹrẹ́ ní erékùṣù Tenerife tẹ ìwádìí kan jáde tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n kọ́ àwọn ẹyẹ náà láti máa fi òrùka irin kékeré ra oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn. Lẹ́yìn náà wọ́n dí ihò tí ẹyẹ kan fi ń rajà, wọ́n kó òrùka fún un. Wọ́n ṣí ihò ti ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì fún ìyẹn ní òrùka kankan. Ẹni tó ní òrùka ń mú un, ó ń nà án sí ẹnìkejì kí ìyẹn lè rí nǹkan jẹ. Òun fúnra rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Irú ẹ̀dá tó lójú àánú báyìí ni a ń gbé sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú omi àti ẹ̀pà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń jáde nílé láago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tí ẹ kì í wọlé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sì sí ẹlòmíì nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra odídẹrẹ́. Ẹni tó bá ti ní in, kó gbé àgò rẹ̀ síbi tí èèyàn ti ń kọjá. Kó máa jẹ́ kó jáde nínú àgò lójoojúmọ́, kó sì máa fún un ní ẹ̀ka igi tàbí páálí tí yóò máa fẹnu fà ya. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kó sùn. Ó nílò oorun wákàtí 10 sí 12, kò sì lè rí i nínú pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo di ọ̀gànjọ́.

Àwọn míì máa ń bínú sí i tó bá ń pariwo, wọ́n á jágbe mọ́ ọn. Jíjágbe kò já mọ́ nǹkan. Lójú tirẹ̀, ẹ dá a lóhùn ni, á sì tún ké sí i. Ẹ̀rín náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2020 kan náà, wọ́n kó odídẹrẹ́ márùn-ún wá sí ọgbà ẹranko Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó wọn sí yàrá kan kí wọ́n lè yẹ ara wọn wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní èébú. Bí ọ̀kan bá bú, àwọn òṣìṣẹ́ a rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù náà a sì bú. Nígbà tí wọ́n bọ́ síwájú àlejò, wọ́n ń bú àwọn àlejò, ni wọ́n bá ní láti yọ wọ́n kúrò níta fúngbà díẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí odídẹrẹ́ yín bú àna yín, ẹ má rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá bú èèyàn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, nígbà tó bá sọ̀rọ̀ tó dáa kí ẹ wá dá a lóhùn.

Mo ti gbọ́ pé kí a fún un ní ata kí ahọ́n rẹ̀ lè tú, mo sì ti gbọ́ ti ẹni tó ní kí a rẹ́ ahọ́n rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má dán an wò láéláé. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Ohun tó ń mú kí ata jó wa lẹ́nu kò rí ọ̀nà mú ẹyẹ, ìdí nìyẹn tí odídẹrẹ́ fi lè jẹ ata rodo bí ẹni ń jẹ èso. Ní ti ohùn, ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, níbi tó ti pín sí méjì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ni ohùn ti ń jáde. Ahọ́n kàn ń bá a tún un ṣe ni. Ẹni tó bá rẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ti ba ọ̀rọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ jẹ́. Alex, odídẹrẹ́ tí Irene Pepperberg, onímọ̀ nípa ọgbọ́n ẹranko, rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹranko ní Chicago ní 1977, mọ ohun tó lé ní 100 ọ̀rọ̀, ó mọ àwọ̀, ó mọ ìrísí nǹkan, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Sùúrù ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, títí ó fi kú ní 2007.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe láìmọ̀. Búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, gààrí, ẹ̀pà lójoojúmọ́: odídẹrẹ́ á jẹ ẹ́, kò sì ní í tètè kú, ìyẹn ló ń tàn wá jẹ. Ẹ̀pà àti irúgbìn sunflower lọ́ràá, ṣùgbọ́n fítámì A kò tó nínú wọn, kálísíọ̀mù náà kò tó. Àìtó kálísíọ̀mù ni wọ́n mọ̀ mọ́ odídẹrẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹyẹ ilé yòókù lọ. Ó lè máa gbọ̀n, kó ṣubú láti orí igi rẹ̀, kí gìrì mú un, àwọn ará ilé á sì rò pé májèlé ló jẹ. Ẹ fún un ní tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, àgbàdo tútù. Ẹ fún un ní ẹyìn, nítorí ẹyìn ló ń jẹ nígbó. Kí ó sì máa rí oòrùn àárọ̀ díẹ̀. Ẹ̀pà tó ti bu kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Píà, ṣokoléètì àti ọtí lè pa á, ẹ má ní díẹ̀ kò ní í ṣe é ní nǹkan.

Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná. Bí páànù nọ́nsíìtíkì tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ bá gbóná jù lórí iná, èéfín kan ń jáde tí imú wa lè má gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín sìgá, ti oògùn ẹ̀fọn tí a ń dáná sí àti ti jẹnẹrétọ̀ náà kò dáa fún un.

Ọ̀rọ̀ ìkóódẹ wà níbẹ̀. Gbogbo wa mọ iyì ìyẹ́ ìdí pupa yìí, ó wà lára adé, ó ń wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà, títí dé Brazil níbi tí àwọn onísìn Candomblé ti ń pè é ní ekodidé. Iyì yẹn ni àwọn kan fi ń fà á tu lára ẹyẹ alààyè. Ó máa ń jábọ́ fúnra rẹ̀ tí odídẹrẹ́ bá ń pààrọ̀ ìyẹ́, kí ẹ ṣà á nílẹ̀ àgò. Ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹni tó bá fà á tu ti ṣí ojú ọgbẹ́ sílẹ̀.

Bí a bá sì dé ibi rírà, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti máa ń bàjẹ́ jù. Ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi inú igbó, ní Johannesburg ní 2016 ló fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Ọdún 2016 kan náà ni wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Ní Ghana, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú igbó. Àtè ni wọ́n ń fi mú wọn, tàbí kí wọ́n gun igi lọ kó ọmọ nínú ihò, ọ̀pọ̀ ni kì í dé ọjà láàyè. Àwa tí a máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, àwa tí a ń kì Ìwó tí a ń dárúkọ ẹyẹ yìí, oko ìwájẹ gan-an ni a jẹ́ kí ó ti máa kú báyìí. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú àpò lẹ́bàá títì. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé. Ẹ wo ojú rẹ̀: ojú ọmọdé ṣókùnkùn, ti àgbà funfun bíi wàrà tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè. Bó bá jẹ́ àgbà tó ń sá, tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n ń pa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú igbó ló ti wá.

Ẹyẹ yìí ń lo 40 ọdún sí 60 lọ́dọ̀ èèyàn. Ẹni 50 ọdún tó bá ra ọmọ rẹ̀ lónìí, kó ti mọ ẹni tó máa jogún rẹ̀. Ẹ má sì ṣí àgò kó lọ tí ó bá sú yín. Odídẹrẹ́ tí a fi ọwọ́ tọ́ kò mọ ibi tí ẹyìn wà, kò mọ àṣá.

Odídẹrẹ́ máa ń fi àìsàn pamọ́, nítorí ẹyẹ tó bá ṣàárẹ̀ nígbó lohun tí ń pẹran kọ́kọ́ ń rí. Kí ó tó wú ìyẹ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìrù rẹ̀ ń mì bó ṣe ń mí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín gíráàmù 400 sí 500. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta. Bí ẹ̀yin tó ń tún àgò rẹ̀ ṣe náà bá ń wúkọ́, tí ibà sì ń ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà tiyín pé ẹ ń sin odídẹrẹ́, nítorí àìsàn kan wà tó ń ti ara ìgbẹ́ rẹ̀ tó gbẹ ran èèyàn, oògùn sì wà fún un.