Kí ló ń ba fáníìṣì jẹ́ lára igi ọ̀gànwó? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi sáńpépà ha tábìlì ọ̀gànwó kan tó ti pẹ́ nílé wa, mo sì kun sitéènì, omi tó ń pa igi láwọ̀, sí i. Ibì kan dúdú jù, ibì kan ò tiẹ̀ gbà á rárá. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ibi tí kò gbà á yẹn, fáníìṣì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ló kán sí i nígbà tí káfíńtà ń kàn án. Inú igi ni sitéènì ń wọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ tó yọ. Kí ẹ tó tún un kùn, ẹ fi àkísà tútù nu ojú tábìlì náà: ibi tí omi bá wọ̀ lọ́gán, igi lásán nìyẹn, ibi tí omi bá dúró lé lórí, ẹ padà síbẹ̀.

Sáńpépà 120 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí 150, kẹ́ ẹ fi 180 parí rẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Ẹ má fo ọ̀kankan, iṣan igi ni kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ha á ní ìbú kò ní rí ohun tó ṣe títí sitéènì á fi wọlé. Ìgbà yẹn ni ìlà dúdú á wá yọ. Ẹnu igi, níbi tí ayùn ti gé e, máa ń mu sitéènì ju ara yòókù lọ. 220 ni kẹ́ ẹ fi parí ibẹ̀.

Àkísà tẹ́ ẹ bá fi nu sitéènì olóròóró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ sá a síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ.

Ìbéèrè: Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni mo fọ́n síílà, èyí tí wọ́n fi ń dí ojú igi kí fáníìṣì tó kàn án, sára ilẹ̀kùn, ni gbogbo rẹ̀ bá funfun bí ẹ̀kọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ojú ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí tínà inú síílà, ìyẹn omi tí wọ́n fi pò ó kó lè ṣàn, ṣe ń fẹ́ lọ, ó ń mú ojú igi tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sórí rẹ̀, á há síbẹ̀. Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn ràn, kẹ́ ẹ fọ́n tínà lásán sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Síílà á rọ̀ díẹ̀, omi á rí ọ̀nà jáde. Ẹ tún yọ omi ìsàlẹ̀ táǹkì kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ fi ń fọ́n síílà, kó má baà bá afẹ́fẹ́ jáde.

Ìbéèrè: Mo fọ́n lákà, irú fáníìṣì tó ń tètè gbẹ, sórí àga ọ̀gànwó àtijọ́, ó sì hunjọ. Ṣé kí n kúkú jù ú nù?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Ọ̀gànwó ò pọ̀ mọ́. Ní 2022, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n, fi ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́. Owó ńlá wà lára àga yẹn.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ ò mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọ́n òmíràn lé e. Ẹ wá kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àga náà, kẹ́ ẹ kán sípíríìtì sí i. Bó bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ṣẹ́láàkì ni, ìyẹn fáníìṣì tí wọ́n fi sípíríìtì pò. Bí sípíríìtì ò bá mú un, ẹ kán tínà: bó bá yọ́, lákà ni, bó bá wú tàbí tó hunjọ, fáníìṣì olóròóró ni, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Lórí irú èyí, lákà kì í sábà jókòó, nítorí tínà inú rẹ̀ ló ń gbé ti ìsàlẹ̀ dìde. Ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò dórí igi. Bí ẹ bá sì ní àga mìíràn tí irú fáníìṣì yìí ṣì lẹ̀ mọ́ lára dáadáa, ẹ fi sáńpépà 220 ha ojú rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ kun fáníìṣì olóròóró bíi tirẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Mo ti kun fáníìṣì tán, síbẹ̀ mò ń rí ihò wínníwínní.

Ìdáhùn: Bí igi ọ̀gànwó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kó dán bíi dígí, ẹ ò bá ti fi fílà aláwọ̀ igi, nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara igi, dí i kí síílà tó kàn án. Ní báyìí, ẹ máa kùn ún léraléra, kẹ́ ẹ máa fi 320 ha á láàárín, títí yóò fi kún. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí ihò náà hàn díẹ̀, kí èèyàn lè mọ̀ pé igi gidi ni.