Omi Gbígbóná Kọ́ Ni A Fi Ń Fọ Ẹnu Klarinẹ́ẹ̀tì: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Afunfèrè Ṣọ́ọ̀ṣì, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Àwọn Òbí

A kọ ìwé pélébé yìí nítorí àwọn ẹnu klarinẹ́ẹ̀tì (apá fèrè tí afunfèrè ń fi sí ẹnu) tí wọ́n kó wá fún wa láti tún ṣe lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Púpọ̀ nínú wọn kò já bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó lé wọn. Inú omi tí wọ́n fi fọ̀ wọ́n ni wọ́n ti tẹ̀. Àwọn òbí gbọ́ pé kòkòrò àìsàn kì í yè nínú omi híhó, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n sì sọ ẹnu fèrè ọmọ wọn sínú ìkòkò bí ẹni ń bọ ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n owó ti ṣòfò. Àwọn olórí ẹgbẹ́ afunfèrè wá ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí a lè yé tún un sọ ní gbogbo oṣù Kíní. A kò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń to klarinẹ́ẹ̀tì tàbí bí a ṣe ń so rídì (esùsú pẹlẹbẹ tí ó ń gbọ̀n kí ohùn fèrè lè jáde) mọ́ ọn níhìn-ín, nítorí gbogbo ẹni tí ó ń fun ún ti mọ ìyẹn. Ìmọ́tótó ẹnu rẹ̀ ni a bá wá.

Ohun tí ooru ń ṣe

Rọ́bà líle tí à ń pè ní ẹ́bónáìtì ni wọ́n fi ṣe ẹnu klarinẹ́ẹ̀tì dúdú tí ọ̀pọ̀ yín ń lò. Oje igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní oko rọ́bà lápá Oǹdó, ni wọ́n pò mọ́ imí-ọjọ́ púpọ̀, tí wọ́n sì fi iná sè títí ó fi le gbandi. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti gba ipò igi tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí pé igi máa ń wú bí itọ́ bá ti ń rin ín. Ṣùgbọ́n bí ó ti le tó yẹn, kò lè fara da iná. Bí omi bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, bí ó bá sì tutù tán, kì í padà sí bí ó ti wà. Àwọn ẹnu fèrè oníke tí ó máa ń bá klarinẹ́ẹ̀tì tuntun wá nínú àpótí kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ó jẹ́ tiyín, ẹ fi àtàǹpàkò ra ara rẹ̀ gidigidi títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá gbé e sí imú. Òórùn rọ́bà àti imí-ọjọ́ yóò jáde lára ẹ́bónáìtì, ike kì í rùn.

Ojú lásán lè má rí ibi tí ó ti tẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ klarinẹ́ẹ̀tì B-flat (irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù), àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láàárín ṣóńṣó ẹnu fèrè àti ṣóńṣó rídì kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 1.2 lọ. Etí méjèèjì tí rídì ń jókòó lé gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kan ga ju èkejì lọ, fèrè yóò máa han gooro, àwọn nóòtì kan yóò kọ̀ láti jáde, ọmọ yóò sì máa fi ẹnu há a ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ náà ni ẹ óò wá máa bá wí pé kò fi ara balẹ̀ ṣe ìdánrawò.

Omi gbígbóná tún máa ń sọ dúdú ẹ́bónáìtì di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ, nítorí pé imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ń jáde síta, ẹnu fèrè náà á sì máa korò. Oòrùn náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀

Ní ilẹ̀ wa, kò sí ìdí kankan tí a fi ní láti gbé omi kaná fún iṣẹ́ yìí. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ bí ó ṣe wà ti tó. Omi tánkì orí òrùlé ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé èyí tí ó kọ́kọ́ jáde lọ́sàn-án oṣù Kẹta lè gbóná gan-an. Ẹ bù ú sínú abọ́, kí ẹ gbé e sí òjìji títí yóò fi tutù. Ìwọ̀n 40 ni òpin ohun tí a gbà láàyè. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 37, nítorí náà, omi tí ẹ̀yìn ọwọ́ yín bá ti sọ pé ó gbóná ti kọjá ààlà, kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé lórí.

Ẹ yọ rídì àti ìdè irin tí ó dì í mú kúrò. Ẹ bu omi ìdajì lítà sínú abọ́, kí ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo sí i ní ẹ̀kán 3, kí ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ di ibi tí kọ́ọ̀kì (èèpo igi rírọ̀ tí ó yí ìdí rẹ̀ ká, tí a ń kì bọ ara fèrè) wà mú, kí ẹ ri ìyókù bọ omi náà, kí kọ́ọ̀kì má baà rin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé onírun rírọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ni kí ẹ fi fọ ojú ihò rẹ̀ àti ògiri inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ máa fà á lọ́nà gígùn, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ nù ún (síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ti fọ̀ dára púpọ̀), kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún 20 ìṣẹ́jú kí ó tó wọ àpótí. Aṣọ olókùn tí ẹ ń fà kọjá nínú ara klarinẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe fà á gba inú ẹnu rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, nítorí ojú kan náà ni yóò máa ha.

Kànìnkànìn, irin ìfọkòkò, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti igi ìtayín kò gbọdọ̀ kàn án. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án, ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ náà kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ọṣẹ dúdú dára fún ara, ṣùgbọ́n ó lè ní eérú tí kò yọ́ tán nínú, eérú yìí yóò sì ha á. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ̀rọ ìfọbọ́ tí ẹ ní nílé kò yàtọ̀ sí ìkòkò omi híhó. Ẹ má ṣe to ẹnu fèrè mọ́ ife àti àwo sínú rẹ̀.

Ìpẹ́ funfun

Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ inú ṣóńṣó tàbí mọ́ ibi tí ètè ń bà, iyọ̀ inú itọ́ ni ó gbẹ sí i. Ọṣẹ kì í sábà mú un kúrò, ibẹ̀ sì ni sùúrù ti máa ń tán fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnu fèrè kan dé ọwọ́ wa tí olùkọ́ orin kan ti fi orí ọ̀bẹ ha ìpẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ìpẹ́ náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé etí apá ọ̀tún lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, kò sì sí rídì tí ó lè dí àlàfo yẹn mọ́.

Fínígà funfun ni a fi ń ṣe é, irú èyí tí a kọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ara ìgò rẹ̀. Ẹ da ṣíbí ìjẹun 3 fínígà àti ṣíbí ìjẹun 3 omi tútù sínú ife tóóró kan, kí ẹ ká aṣọ kékeré sí ìsàlẹ̀ ife náà kí ṣóńṣó má baà gún gíláàsì. Ẹ wá fi ẹnu fèrè sí i, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Gígùn ẹnu klarinẹ́ẹ̀tì B-flat jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Sẹ̀ǹtímítà 4 péré ni kí ó wà nínú omi, kọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà lókè ní gbígbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kò gbọdọ̀ kọjá 15, nítorí pé fínígà tí ó bá pẹ́ lára ẹ́bónáìtì lè pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ọṣẹ bí a ti sọ lókè. Bí ìpẹ́ bá ṣì kù, ẹ fi í sílẹ̀ títí di oṣù tí ń bọ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe ha á.

Lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti fun ún tán

Bí a bá ń mójú tó èyí, fífọ̀ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kì í le rárá. Rídì kò gbọdọ̀ sùn lára ẹnu fèrè. A rí i lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n máa ń de ìdérí mọ́ rídì tútù lálẹ́ Sunday, tí wọn kì í sì ṣí i títí di ìdánrawò ọjọ́ Thursday: ẹ̀yìn rídì ti bu, ó sì ti dúdú, inú ẹnu fèrè sì ń yọ̀. Ẹ yọ rídì, ẹ nù ún, ẹ fi sí àpò rẹ̀, ẹ nu inú ẹnu fèrè pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí ẹ wá de ìdérí rẹ̀ láìsí rídì nínú.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu mínírà tàbí mọ́líìtì, tàbí tí ó jẹ obì tàbí búrẹ́dì ní àkókò ìsinmi ìdánrawò, kí ó fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé fèrè. Ṣúgà àti èérún oúnjẹ tí ó bá wọlé ni kòkòrò yóò máa jẹ níbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tí klarinẹ́ẹ̀tì kò bá tó, ohun tí ó dára jù ni kí olúkúlùkù ní ẹnu fèrè tirẹ̀, kódà bí wọ́n bá jọ ń lo ara fèrè kan. Bí ìyẹn kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárín ẹni kan sí èkejì, kí ẹ fi hydrogen peroxide (oògùn olómi tí ń pa kòkòrò) ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún nù ún, kí ó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ilé ìtajà oògùn ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ má ṣe fi ọtí ìpakòkòrò rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹnu fèrè oníke kan máa ń sán bí ọtí bá kàn wọ́n. Rídì ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun àjọlò lábẹ́ ipòkípò.

Kọ́ọ̀kì kò fẹ́ ju gírísì tirẹ̀ lọ, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, nígbà tí ó bá gbẹ nìkan, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àdí, epo pupa àti gírísì ọkọ̀ kì í ṣe ti kọ́ọ̀kì. Ní ti àpótí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa sí oòrùn nígbà ìsìn. Ooru inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kọjá 50 kí wàásù tó parí, kò sì yàtọ̀ sí pé ẹ bọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fura pé ó ti tẹ̀

Ẹ so rídì tútù tí ó dára mọ́ ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ pinpin, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí ẹnu, kí ẹ sì yọ ẹnu kúrò kíá. Bí ó bá dára, rídì yóò lẹ̀ mọ́ ọn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2 kí ó tó ta pó sílẹ̀. Bí kò bá lẹ̀ rárá pẹ̀lú rídì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ́ ojú pẹrẹsẹ rẹ̀, níbi tí ìdí rídì ń jókòó sí, lé orí gíláàsì fèrèsé, kí ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ń gba abẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kọjá ju èkejì lọ ń sọ fún yín pé ojú rẹ̀ ti lọ́.

Ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á nílé láti mú un dọ́gba, ẹ má sì tún bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ gbé e wá fún ẹni tí ó ní irin òṣùwọ̀n tí a fi ń tún ojú rẹ̀ lọ̀, kí ẹ sì mú ìdè rẹ̀ àti rídì méjì tí ẹ ń lò dání, nítorí pé àwọn ni a óò fi dán an wò.