Bí ìjọ yín ṣe lè dúró ti ẹlẹ́wọ̀n, látinú ọgbà ẹ̀wọ̀n títí dé ilé

Tí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ẹ máa rí bí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń tò sẹ́nu géètì Kírìkírì àti Ìkòyí l'Ékòó, Àgódi n'Ìbàdàn náà kì í gbẹ́yìn, wọ́n á já ìrẹsì àti ọṣẹ sílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò níta géètì, ó tán. Mi ò sọ pé kò dáa o, ebi ń pa wọ́n níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tó bá di February, ta ló ń lọ? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì fún ẹni náà pé kó máa lọ ńkọ́, ta ló dúró dè é níta? Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ yìí wà, ìjọ kékeré tí ò lówó lọ́wọ́ náà sì lè ṣe é.

Pásítọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí, tàbí wọ́dà tó ń bójú tó welfare. Ẹ mú lẹ́tà ìjọ dání, kẹ́ ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa wá sínú ẹ̀, kí kálukú mú ID card ẹ̀ wá. Ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà. Bí ẹlẹ́wọ̀n kan bá ní kẹ́ ẹ bá òun mú lẹ́tà tàbí owó jáde ní kọ̀rọ̀, ẹ má gbà, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó, torí ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá mú yín, gbogbo ìjọ ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn mọ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò kẹ́ ẹ tó náwó: ó lè jẹ́ Izal, ọṣẹ, oògùn ara yíyún, páàdì fáwọn obìnrin, àwọn ìyá kan sì wà níbẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn wọn, ẹ má gbàgbé wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́, kódà kó jẹ́ èèyàn mẹ́rin péré lẹ jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣe. Tó bá fẹ́ sọ, á sọ. Ẹ fún Mùsùlùmí lọ́ṣẹ bẹ́ ẹ ṣe fún Kìrìsítẹ́nì, láìsọ pé kó wá síṣọ́ìsìn kó tó gbà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ ò mọ̀ nìyí: nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ó ju mẹ́fà lọ tí kóòtù ò tíì dá lẹ́bi, àwọn ni wọ́n ń pè ní awaiting trial. Ẹlòmíì ò ní lọ́yà, ẹlòmíì, kóòtù ti fún un ní béèlì àmọ́ kò rí oníduró, ẹlòmíì sì rèé, ẹjọ́ ẹ̀ ni wọ́n kàn ń sún síwájú ṣáá. Torí náà ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ̀ ń kọ nǹkan sí: orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kóòtù tó ń lọ, ọjọ́ tí ẹjọ́ tún kàn, lọ́yà tó ní, nọ́ńbà ẹbí ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún tálákà, l'Ékòó Office of the Public Defender wà, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà. Lọ́yà tó bá wà nínú ìjọ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú ẹjọ́ kan péré. Òfin ọdún 2019 tí wọ́n fi yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n sí Nigerian Correctional Service gbà kí kóòtù ní kí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan lọ ṣiṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, kí lọ́yà yín béèrè fún un. Àwọn míì, owó fáìn kékeré ló há wọn mọ́bẹ̀. Ẹ san án sí kóòtù fúnra yín, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, ẹ má kówó fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín san án. Ní ti oníduró, ẹ má kánjú ṣe é, torí tí ẹni náà bá sá, ọrùn oníduró ló máa já lé. Ẹ tún bá wọn pe ilé o, ìyá míì wà tó ti wá ọmọ ẹ̀ dé gbogbo ọsibítù tí ò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló wà.

Ó wá ku ọjọ́ ìdásílẹ̀. Ẹlòmíì, láti kóòtù gan-an ni wọ́n ti máa ní kó máa lọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò ní kọ́bọ̀ lápò, ó ṣeé ṣe kí lánlọ́ọ̀dù ti gba yàrá ẹ̀, kí irinṣẹ́ ẹ̀ sì ti lọ. Ẹ ti mọ ibi tó máa sùn kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ gbé aṣọ, bàtà àti oúnjẹ lọ, kẹ́ ẹ bá a wọ mọ́tò délé, ẹ má kàn fún un lówó kẹ́ ẹ yíjú padà. Tó bá jẹ́ pé ilé ọmọ ìjọ kan ló máa gbé, ẹ sọ òótọ́ fún onílé, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin ilé náà. Ìwé ìdásílẹ̀ ẹ̀, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Ẹ bá a ṣe NIN, torí láìsí ẹ̀ kò lè ra síìmù, kò lè ṣí àkáǹtì. Ẹ mú un lọ sọ́sibítù, pàápàá tó bá ń wúkọ́, ìtọ́jú ikọ́ ife ọ̀fẹ́ ni lọ́sibítù ìjọba.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ti kọ́ aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe tàbí iṣẹ́ káfíńtà nínú ọgbà. Ẹ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí irinṣẹ́ fún un dípò owó, kẹ́ ẹ fi sọ́dọ̀ ọ̀gá kan nínú ìjọ. Kí ọ̀gá náà sì san iye tó ń san fáwọn yòókù o! Ó máa ń dùn mí gan-an tí Kìrìsítẹ́nì bá ń rẹ́ni jẹ torí ẹ̀wọ̀n tó ṣe, ìyà tí ìjọba fi jẹ ẹ́ ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á sórí pẹpẹ kó wá jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó dé. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà níjọ yẹn, wọ́n á lọ síléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ti ẹbí àti ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló le jù. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ sì ni, àmọ́ Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n nígbà tó kọ̀wé sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù, ẹrú Fílémónì, tó ní tó bá jẹ gbèsè kankan kó kà á sí òun lọ́rùn. Kí àgbà méjì nínú ìjọ kọ́kọ́ lọ bá wọn láìmú ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé náà dání. Tí wọ́n bá ṣì ń bínú, ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ tún padà lọ tó bá yá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó bá ní òun ò fẹ́ rí i láyé, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fi Bíbélì halẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá yan èèyàn méjì tí á máa pè é, tí á máa lọ bá a jẹun, ó kéré tán fún ọdún kan, tó lè pè lóru tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ tàbí ògógóró bá tún ń fà á. Tó bá ṣubú, tí wọ́n tún mú un, kí àwọn méjèèjì yẹn kan náà lọ wò ó lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì pe lọ́yà lọ́jọ́ náà.