Ámpù Tuntun fún Sitẹrió Àtijọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Ilé ní Àbújá

Bí sitẹrió ilé yín bá ti ń hó, tí ohùn ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má tíì gbé e fún baban bola, ẹni tó ń kó àlòkù. Bí sípíkà rẹ̀ bá ṣì dáa, ámpù nìkan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà, lẹ máa rà.

Sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ yọ aṣọ tó bo ojú rẹ̀, kí ẹ rọra fọwọ́ kan etí páálí ńlá tó ń gbé báàsì jáde. Bí fóòmù etí náà bá ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ wá ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó náwó kankan sórí ámpù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà: wọ́n á ti kọ 4, 6 tàbí 8 ohm síbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni iná tí sípíkà máa fà lára ámpù ṣe máa pọ̀ tó. Ámpù tí wọ́n ṣe fún 8 ohm, tí ẹ wá so mọ́ 4 ohm, á gbóná, ó sì lè jó. Sípíkà 8 ohm méjì tí ẹ so pọ̀ mọ́ ojú kan náà ti di 4 ohm nìyẹn o.

Wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ

Ní Wuse Market, ẹ lè rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kọ 5000 W PMPO sí lára; PMPO yìí, iye àbùmọ́ tí wọ́n fi ń polówó ọjà ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ kọjá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 100 wọ́ọ̀tì, níbo ló ti fẹ́ rí 5000 tú jáde? RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. “Á dún dé ìta” kì í ṣe ìdáhùn.

Fún pálọ̀ ilé oníyàrá méjì ní Kubwa tàbí Nyanya, 40 sí 80 wọ́ọ̀tì RMS fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó, ó tún ṣẹ́kù. Bí ẹ bá kúrò ní 50 bọ́ sí 100, dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) 3 péré lẹ jèrè; kò dún ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ámpù tó kéré jù, tí àwọn ọmọ wá yí fọ́lúùmù rẹ̀ dópin lọ́jọ́ ìkómọ, ohùn rẹ̀ á máa ya, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín ló sì máa kọ́kọ́ jó.

Iná

Tòkúnbọ̀ láti Japan ń lo 100 V, ti Amẹ́ríkà 120 V; tiwa jẹ́ 230 V. Láìsí tirafọ́mà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa tàn án. Ẹni tó ń fi ínfátà gbọ́ orin, irú ámpù tí wọ́n ń pè ní Class D, tí kì í fi iná ṣòfò, ni mo gbà á níyànjú kó rà: kì í gbóná púpọ̀, kì í sì í tètè fa bátìrì gbẹ. Kí ínfátà náà jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè máa gbọ́ kíkùn nínú orin.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí ámpù kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ aṣọ kròṣé lé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀ nínú iná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku inú ihò rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí wọ́n tàn án láìfi orin sí i, kí ẹ yí fọ́lúùmù dé ìdajì, kí ẹ sì súnmọ́ sípíkà. Bó bá ń kùn ròòò, ẹ gbé òmíràn.