Bí a ṣe ń gba ọdún ìpìlẹ̀ wọ ẹ̀kọ́ Civil Engineering ní yunifásítì Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ òbí ni inú máa ń bí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ pé ọmọ wọn, tí ó gba A1 nínú ìṣirò àti B2 nínú físíìsì nínú ìdánwò WAEC, kò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Civil Engineering tààrà láti ọdún kìíní ní Ìlú Ọba. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ibẹ̀ ka ìwé ẹ̀rí WAEC sí ẹgbẹ́ GCSE, èyí tí àwọn ọmọ tiwọn ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16, kí wọ́n tó fi ọdún méjì mìíràn ka A-level. Ọdún ìpìlẹ̀ (foundation year) ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí gan-an, kí ó wo yunifásítì Nàìjíríà: ẹni tí ó gba JAMB wọlé ń fi ọdún márùn-ún ka Civil Engineering, ẹni tí ó gba Direct Entry bọ́ sí 200 level ń fi mẹ́rin kà á, ọdún kan tí ó sì wà láàárín àwọn méjèèjì ni ọdún tí a fi ń kọ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ní 100 level. Ohun kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn tí ó ń ti ilé bọ̀ nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún. Ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sí Peckham tàbí Manchester, tí ó fi Business àti Sociology ṣe A-level kí ó tó mọ̀ pé afárá àti títì ni ọkàn òun fà sí, lè gbà á. Àgbàlagbà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lè gbà á pẹ̀lú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọdún ìpìlẹ̀ tí ó yẹ yín

Oríṣi méjì ni ó wà, ẹ má sì jẹ́ kí aṣojú kankan da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú. Èkíní ni èyí tí wọ́n so mọ́ dígírì fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí lójú ìwé ni BEng Civil Engineering with Foundation Year. BEng ni dígírì àkọ́kọ́ nínú ẹnjiníà. Ọdún mẹ́rin ni, tàbí márùn-ún bí ó bá jẹ́ MEng, tí ó gbé ènìyàn dé ìpele másítà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó béèrè fún ààyè, ẹni tí ó bá sì yege yóò kọjá sí ọdún kìíní láìtún kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. University of Portsmouth àti Liverpool John Moores University wà lára àwọn tí ó ń ṣe é. Ẹ béèrè ibi tí kíláàsì wà, nítorí pé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ inú yunifásítì: ní University of Manchester, Xaverian College, tí í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ A-level, ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọdún náà ti ń wáyé.

Èkejì ni èyí tí ó dá dúró, tí wọ́n ń pè ní International Foundation Year, tí ilé-iṣẹ́ aládàáni sábà máa ń bá yunifásítì darí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkèèrè wá. Ó wúlò fún ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara dígírì, ohun méjì ni èyí sì ń fà. Ẹ ó tún gba físà mìíràn nígbà tí dígírì bá bẹ̀rẹ̀, òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ sì fún ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó dígírì ní wákàtí 10 péré láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí ẹni tí ó wà lórí dígírì ní 20. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń san owó náà, àfi tí kò bá sí èyí tí wọ́n so mọ́ dígírì ni n ó wo òmíràn.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ti ní JUPEB tàbí IJMB (ìdánwò tí a fi ń gba Direct Entry ní Nàìjíríà) tàbí A-level nínú ìṣirò àti físíìsì, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá yunifásítì tí ó ń fẹ́ yóò gbà á sí ọdún kìíní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tí ó ti ń gbé ní Ìlú Ọba tún ní Access to HE Diploma (fún àgbàlagbà tí kò ní A-level), HNC (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí ó wà ní ìpele ọdún kìíní dígírì) àti degree apprenticeship, níbi tí ilé-iṣẹ́ yóò ti máa san owó oṣù fún wọn bí wọ́n ṣe ń kàwé lọ.

Ẹ wo ìwé àṣẹ dígírì náà

Joint Board of Moderators (JBM) ni ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ dígírì Civil Engineering wò fún Institution of Civil Engineers, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1818 tí Thomas Telford sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, àti fún Institution of Structural Engineers pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn nínú iṣẹ́ náà. BEng tí wọ́n bá fọwọ́ sí tó ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí Incorporated Engineer, ipò ẹnjiníà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ń béèrè, ó sì gbé ènìyàn dé apá kan ọ̀nà lọ sí Chartered Engineer, ipò tí ó ga ju ìyẹn lọ. MEng ni ó kún ojú ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí Chartered ń béèrè. Ọdún ìpìlẹ̀ kì í sí nínú àyẹ̀wò yìí, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wò. Nítorí náà ìbéèrè tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ni pé: ṣé dígírì tí n ó bọ́ sí lẹ́yìn ọdún ìpìlẹ̀ ni dígírì gan-an tí JBM fọwọ́ sí? Ẹ gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní i lọ́kàn láti padà wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà yóò nílò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé COREN, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì fẹ́ mọ irú dígírì tí ó gbé wá.

Ẹ ṣírò owó kí ẹ tó kọ̀wé

Fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ owó ọmọ onílùú ní England, £9,535 ni owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà fún ọdún 2025/26. Ìròyìn ti kàn pé wọ́n dín owó ọdún ìpìlẹ̀ kù sí £5,760. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lásán bí ìṣòwò àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ni ó kàn. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tí ó ní yàrá àdánwò kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yáwó Student Finance England ń san ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n so mọ́ dígírì, iye ọdún tí wọ́n sì ń san ni iye ọdún ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ọdún kan lé, kí a tó yọ ọdún tí ènìyàn ti lò ṣáájú. Ẹ wo ẹni tí ó ti ka Accounting fún ọdún méjì kí ó tó yí padà sí BEng ọlọ́dún mẹ́rin: 4 pẹ̀lú 1 jẹ́ 5, bí a bá yọ 2 kúrò ó ku 3. Ọdún kan wà tí yóò fi owó ara rẹ̀ san nìyẹn, ó sì sàn kí ó mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju kí lẹ́tà bá a nílé ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹni tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè yóò san iye tí yunifásítì bá fúnra rẹ̀ dá, ó sì máa ń ga ju ti ọmọ onílùú lọ dáadáa. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà jẹ́ £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba gbogbo rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọdún mẹ́rin yóò kọjá £3,000. Owó oúnjẹ àti ilé, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín kù rárá. Ẹni tí ó bá yá owó sínú àkáǹtì fún ọjọ́ mẹ́ta ń fi físà ṣeré. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú ohun tí físà ń béèrè fún ẹni tí ó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ dígírì àkọ́kọ́ kì í sì í sábà lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání.

Bí a ṣe ń béèrè fún ààyè

UCAS, àjọ tí ó ń gba ìwé ìbéèrè fún àwọn yunifásítì Ìlú Ọba, ni ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n so mọ́ dígírì sábà máa ń gbà kọjá, àyè márùn-ún ni wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti yàn. Ọjọ́ tí wọ́n ń parí gbígba ìwé ìbéèrè máa ń bọ́ sí oṣù kìíní fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá pẹ́ ṣì lè rí ààyè nínú Clearing, níbi tí wọ́n ti ń pín ààyè tí ó ṣẹ́kù, láti oṣù keje, ṣùgbọ́n ẹni tí ó nílò físà kò gbọdọ̀ gbójú lé ìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọdún tí ẹ fẹ́ bọ́ sí, àwọn yunifásítì kan ń fẹ́ kí ẹ kọ 0. Ẹni tí ó bá kọ 1 níbẹ̀ lè gba ìwé ìjákulẹ̀ fún ohun tí kò tilẹ̀ béèrè.

Ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni (personal statement) ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Láti àwọn tí ó ń wọlé ní ọdún 2026 ni UCAS ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tí ẹ fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ náà, bí ohun tí ẹ ti kà ṣe mú yín gbára dì, àti ohun tí ẹ ti ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín sí 350. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ pé láti kékeré ni ẹ ti fẹ́ràn iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ kọ nípa ohun kan tí ẹ fi ojú rí tí ẹ sì ronú lé lórí. Ẹni tí ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn bíríkìlà fi ń tẹ́ irin sí ìsàlẹ̀ bíìmù ju òkè rẹ̀ lọ: kọnkéré lágbára bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kò lágbára bí a bá ń fà á, ìsàlẹ̀ bíìmù tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni ó sì ń fà. Ọmọ Ìbàdàn lè kọ nípa Ògùnpa, odò tí ó ya bo ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, kí ó sì béèrè ohun tí pàǹtírí, ilé etídò àti afárá tí ẹnu rẹ̀ kéré ń ṣe sí omi òjò. Gbólóhùn mẹ́ta irú èyí sàn ju ojú ìwé kan tí ó kún fún ìwúrí lọ.

Ìṣirò ni kí ẹ fi àkókò yín sí

Gbogbo ohun tí ẹ ó kọ́ nínú ọdún ìpìlẹ̀ pọ̀: físíìsì, mechanics, kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń kọ ìròyìn iṣẹ́ yàrá àdánwò. Ìṣirò ni yóò pinnu ẹni tí yóò kọjá. Láàárín ìgbà tí ẹ bá gba lẹ́tà àti ìgbà tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ tún algebra, trigonometry, logarithm àti vector ṣe dáadáa, kí ẹ sì wo ìbẹ̀rẹ̀ calculus.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Bíìmù kan gùn ní mítà 6, wọ́n gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé ògiri, ẹrù 10 kN (kilonewton, ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára) sì wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹrù jẹ́ 60 kN, ògiri kọ̀ọ̀kan gbé 30 kN. Ìyẹn kò le. Agbára tí ó fẹ́ tẹ bíìmù náà kọrọdọ láàárín, tí wọ́n ń pè ní bending moment, jẹ́ 10 × 6 × 6 ÷ 8, tí í ṣe 45 kNm. Ẹni tí ó há fọ́múlà yìí sórí, bí a ti máa ń há past question, lè gba máàkì lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí calculus yé yóò mọ̀ pé bí a bá differentiate bending moment, shear force, agbára tí ó fẹ́ gé bíìmù, ni a ó rí, pé ibi tí shear force bá ti di òdo ni bíìmù yìí ti ń tẹ̀ jù, nítorí náà bí wọ́n bá gbé ẹrù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí wọ́n mú kí ó wúwo sí i níwájú, yóò jókòó, yóò sì ṣe é fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í hàn nínú ọdún ìpìlẹ̀. Ọdún kejì ni ó máa ń hàn, nígbà tí ó ti pẹ́ jù láti padà.

Nínú ọdún náà fúnra rẹ̀

Kírẹ́díìtì 120 ni ọdún kan, wọ́n sì ka kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 10 iṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,200. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 30, ó di wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Wákàtí tí ẹ ó rí lórí táìmù-tébù kéré gan-an sí ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Èyí tí kò sí lórí táìmù-tébù ni tutorial sheet, ìwé ìbéèrè ìdánrawò tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe parí.

Olùkọ́ yóò ní kí ẹ máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun. Ó máa ń le lẹ́nu ọmọ Yorùbá; ẹ fi Dókítà sí i bí kò bá ṣeé ṣe. Ohun tí kò gbọdọ̀ le ni láti lọ bá a ní wákàtí tí ó yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè, kí ẹ mú ìṣirò tí kò yé yín dání pẹ̀lú ibi tí ẹ ṣe é dé, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bínú sí ìbéèrè òmùgọ̀, wọ́n á kàn rò pé ẹni tí kò wá kò ní ìṣòro. Ní yàrá àdánwò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá po kọnkéré sínú kúbù, tí wọ́n fọ́ ọ lójú ẹ̀rọ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28, tí ti ọjọ́ 28 kò sì lágbára tó bí ó ti yẹ, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni máàkì wà, bóyá omi pọ̀ jù ni tàbí ẹ kò gún un kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ má sì ṣe da ìròyìn ọ̀rẹ́ yín kọ. Kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́kọ́ kà á kí olùkọ́ tó kà á.

Láti kọjá sí ọdún kìíní

Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni máàkì ìyege ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n àwọn kan ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó lè bọ́ sínú ẹnjiníà, pàápàá nínú ìṣirò. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà ni ó sọ ọ́, ẹ kà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àtúnṣe ìdánwò sábà máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ. Ẹni tí ó bá ní físà, tí ó sì fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan, kí ó tọ ọ́fíìsì físà yunifásítì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde, kí ó má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé kí ó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wọlé fún BEng lè béèrè láti yí sí MEng bí máàkì rẹ̀ bá dára ní òpin ọdún kejì, ṣùgbọ́n ọdún kan yóò kún un, owó àti físà rẹ̀ yóò sì kún un pẹ̀lú.

Láàárín ìparí ìdánwò àti oṣù kẹsàn-án, ẹ wá ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n yóò ti jẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìbáà ṣe ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ títì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tún ṣe, kí ẹ sì mú ìwé kékeré kan dání láti fi kọ ìbéèrè sílẹ̀.