Bí mo ṣe ń nu ìta dígí àpótí ẹja omi iyọ̀ tí kì í fi í ní ilà

Iyọ̀ ni ọ̀tá dígí àpótí ẹja mi, eruku ọyẹ́ sì ni igbákejì rẹ̀. Pálọ̀ wa ní Adéwọlé, ní Ìlọrin níbí, ni àpótí náà wà, ojú rẹ̀ ni àlejò sì kọ́kọ́ ń bọ́ sí tó bá wọlé. Clownfish (ẹja òkun kékeré kan) méjì, edé díẹ̀ àti coral (ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun tó ń dúró sójú kan) kékeré mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja omi lásán lè fi aṣọ tútù nu dígí tirẹ̀, kó sì bá tiẹ̀ lọ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ ibẹ̀ tó bíi gíráàmù 35. Bí ẹ̀rọ ṣe ń da omi rú, ẹ̀kán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á máa ta sí etí dígí. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀. Kó tó pẹ́, ẹ ó rí i lábẹ́ ìdérí, funfun bí omi wàrà tó gbẹ sára igbá, tó ń rákò bọ̀ wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò ní ṣe mọ́ láéláé. Lálẹ́ tó ṣáájú Iléyá kan, àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbé ike ọṣẹ ìnudígí aláwọ̀ búlúù, mo fín in tààrà sára àpótí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹja lóúnjẹ ni, mi ò tíì dé ìdérí padà. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ láti múra yídì, edé méjì ti kú sórí iyanrìn. Amóníà wà nínú púpọ̀ nínú irú ọṣẹ yẹn, májèlé sì ni fún ẹja àti edé. Ohun tẹ́ ẹ bá fín kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ á gbé e gba orí àpótí wọnú omi. Ó dùn mí gan-an, torí ọwọ́ ara mi ni. Látìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi nu dígí, orí aṣọ ni mo ń dà á sí, ní kíṣìnì, tí mo bá ti dé àpótí pa.

Ẹ pa iná orí àpótí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Dígí tó bá gbóná máa ń mu omi kẹ́ ẹ tó nù ún tán, ibẹ̀ ni ilà ti ń wá. Ẹ̀rọ omi lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ bá ti gun wáyà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí iyọ̀ tútù ń gbé iná. Kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè lọ sí ojú iná, kó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ni omi á kán sí.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Omi borehole ilé wa ń fi àmì funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ. Bó ṣe ń ṣe ìdí kẹ́tùrù náà ló ń ṣe dígí. Mo lè fi rin iyọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi parí iṣẹ́. Nígbà òjò, mo máa ń gbé abọ́ síta gbangba, mo sì ń fi omi òjò parí ẹ. Nígbà ọyẹ́ tí òjò ò sí, omi tó ń kán lára AC ni mo ń gbè sínú ike. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi, kò ní ẹfun tó ń fi àmì funfun sílẹ̀ nínú. Ẹ má dà á sínú àpótí o! Ó lè ti gba ara bàbà kọjá, bàbà sì ń pa edé àti coral.

Ẹ rin aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ lé orí iyọ̀ náà, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má ha á ní gbígbẹ. Eruku ọyẹ́ ní yanrìn kíkúnná nínú, yanrìn sì le ju dígí lọ. Tó bá há sábẹ́ aṣọ, tẹ́ ẹ wá ń fà á, ó ti ya dígí nìyẹn, kò sì sí ọṣẹ tó lè pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wá nù ún látòkè wálẹ̀, tẹ́ ẹ ó máa ṣẹ́ aṣọ sí ojú mìíràn nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá nù ún dé ìsàlẹ̀. Tí iyọ̀ bá pọ̀ létí òkè, ìta ni kẹ́ ẹ kó o sí, kó má ṣe já lu coral.

Àmì tó bá kọ̀ tí kò yọ́ sómi, kì í ṣe iyọ̀ mọ́, ẹfun ni. Fínígà funfun ló ń yọ ọ́: fínígà ìdajì, omi ìdajì, lórí aṣọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi òjò nù ún kúrò. Ìta nìkan o. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi bíléèdì tuntun ha á lórí dígí tí omi wà lára rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ bíléèdì náà pẹlẹbẹ, kó má sì kan gọ́ọ̀mù tó so igun pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ike ni àpótí yín, ẹ gbàgbé bíléèdì pátápátá.

Ìyá mi gbà pé kò sóhun tó dà bí ìwé ìròyìn fún dígí. Òótọ́ ni pé ó ń dán, àmọ́ tàdáwà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọwọ́ yẹn náà ni mo sì ń tì bọ inú omi. Tàwẹ́lì pẹlẹbẹ tí àwọn afọmọ́tò ń lò ni mo fi ń nù ún gbẹ. Ní ìbú ni mo ń fà á níta. Tí mo bá ń nu inú lọ́tọ̀, ní òró ni. Tí mo bá wá rí ilà, mo ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí n gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí bíi pé mo fẹ́ fi gbá a létí. Ilà tí ojú ò rí á hàn kedere.

Nígbà ọyẹ́, mo ń ṣe é lọ́jọ́ méjì-méjì. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Omi lásán ni mo fi ń dí omi àpótí tó bá fà gbẹ, torí iyọ̀ kì í bá a lọ.

Omi gbígbóná nìkan ni mo fi ń fọ tàwẹ́lì náà. Ọṣẹ tó ń mú aṣọ rọ̀ máa ń fi ọ̀rá sára rẹ̀, ọ̀rá náà á sì tún padà sórí dígí. Mo fi òwú pupa rán etí rẹ̀, mo sì fi kọ́ ìṣó tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà fi nu abọ́.