Bí A Ṣe Ń Ṣí Ọmọ Ata Rodo àti Tòmátì Gbìn Lẹ́yìnkùlé

Ọmọ ata tó ń kú mọ́ àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kú nínú nọ́sìrì, kì í sì í kú nígbà tó bá ti ń so. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ṣí i kúrò níbi tó ti hù ló ń kú. Ogójì á hù dáadáa, ewé wọn á máa dán, a ó kó wọn sínú àpò lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di ọjọ́bọ̀, mẹ́jọ ló kù lóòró. Oòrùn la sì máa ń dá lẹ́bi. Ọwọ́ tiwa gan-an ló máa ń jẹ̀bi jù.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin rodo sẹ́yìn ilé tí mo háyà, ọ̀sán gangan ni mo jókòó ti nọ́sìrì, tí mo ń fa ọmọ ata tu bí ẹni ń fa ewédú. Ọgọ́ta ni mo fà, mo tò wọ́n sórí àtẹ, mo wá lọ ń wá omi. Ìyá onílé yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ sè é ni?" Nígbà tí mo fi pọnmi dé, gbogbo rẹ̀ ti rọ bí ewé ẹ̀fọ́ tó sùn lọ́jà. Márùn-ún ló yè.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé gbòǹgbò là ń ṣí, kì í ṣe ewé. Lára gbòǹgbò ata, àwọn irun tín-ín-rín kan wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń mu omi. Bí a bá fà á tu, irun wọ̀nyẹn á ṣẹ́ sínú ilẹ̀. Ewé á ṣì máa lo omi, gbòǹgbò kò ní rí i gbé fún un mọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí kò ju bí irun gbòǹgbò yẹn kò ṣe ní bàjẹ́, àti bí ewé kò ṣe ní béèrè omi ju èyí tí gbòǹgbò lè rí lọ.

Ibi tí ọmọ ata ti ń hù

Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ni kí ẹ lò. Ó wà nílẹ̀ níbi gbogbo, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé igun méjèèjì ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò. Ọ̀rá kan, ọmọ ata kan: bí ó bá ṣe rí bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ọ̀kan kò ní lọ́ mọ́ ti èkejì, ẹ kò sì ní fa nǹkan kan ya lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i.

Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ máa kó sínú rẹ̀: ilẹ̀dú abọ́ 3, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà abọ́ 2, yanrìn odò abọ́ 1. Ìgbẹ́ adìyẹ yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ adìyẹ wá ń jó gbòǹgbò bí iná. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, tàbí tó bá ń ta yín nímú, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Èyí tó ti tó lò kì í rùn bí ìgbẹ́ mọ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló máa ń ní. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó pọ̀, ẹ da omi tó ń hó sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó gbin nǹkan sí i. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń jẹ ọmọ ata nídìí lọ́sẹ̀ kìíní, tí ìdí á tín-ín-rín bí òwú, tí orí á sì ṣubú. Omi gbígbóná yẹn ń dín in kù.

Ní ti èso, ìyẹn hóró tí ẹ máa gbìn, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ lo èso inú ata ọjà náà lè lò ó bí ata náà bá pọ́n dénú, àmọ́ kó mọ̀ pé ọmọ lè má jọ ìyá. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó ti wà ní Ìdí-Iṣin, Ìbàdàn, láti 1975, wà fún irú ìbéèrè báyìí, ẹni tó bá sún mọ́ wọn kó lọ. Tòmátì á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 8. Rodo lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí èyí tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, nítorí náà ẹ má tètè tú u dànù.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣí i

Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ, inú èso ló ti wá, ẹ má kà á. Ẹ ka àwọn tó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá pé mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ìdí ọmọ ata sì ki ju igi ìṣáná lọ, ó ti tó ṣí. Tòmátì máa ń dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, rodo ní bí ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ga fíofío tó sì funfun lára, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ebi oòrùn ló ń pa á. Ẹ gbé e síta díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó ronú àtiṣí i.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí, bí ìgbà tí a ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ata tó dàgbà lábẹ́ òrùlé kò lè fara da oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lo ọjọ́ 7 sí 10. Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, wákàtí kan lówùúrọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi kún un, títí á fi lè wà níta látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ dín omi rẹ̀ kù pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó rọ. Ewé rẹ̀ á le, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú sí i. Inú mi máa ń dùn bí mo bá fọwọ́ kan ewé yẹn tó le bí awọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, rodo tí ẹ bá gbin èso rẹ̀ lóṣù kejì á tó ṣí nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ lóṣù kẹrin. Tòmátì ni kò fẹ́ràn òjò wa. Èyí tó bá bá òjò oṣù kẹfà àti ìkeje pàdé, ewé rẹ̀ á máa jóná láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, èso á sì rà lórí igi. Èmi máa ń gbin èso tòmátì lóṣù kẹjọ, kí n lè ṣí i lóṣù kẹsàn-án, kó sì máa pọ́n nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí

Àpò ìrẹsì tàbí rọ́bà ọ̀dà lítà 20 dára, igi kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò mẹ́fà tó nípọn bí àtàǹpàkò sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sáàárín igi kan àti èkejì, kó má sì lo ibi tí ó ti gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá lọ́dún tó kọjá. Ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Ẹ bomi rin ọmọ ata lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má ṣí i ní àárọ̀, ẹ má ṣí i ní ọ̀sán. Lẹ́yìn agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni, kí ó lè ní gbogbo òru láti sinmi kí oòrùn tó tún yọ, àfi bí ojú ọjọ́ bá ṣú látàárọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ da omi sí i, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu ún. Ihò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ ata. Àṣìṣe tèmi ló kọ́ mi ní èyí.

Ẹ mú ọ̀rá kan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ẹnu rẹ̀, kí ìdí ata wà láàárín ìka méjì, láìfún un. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ fi bíléèdì la ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu, kí ẹ wá bó o kúrò bí ẹni ń tú ẹ̀kọ kúrò nínú ewé, kí ó má fọ́. Ẹ ó rí gbòǹgbò funfun tó ti yí iyẹ̀pẹ̀ ká. Bí ẹ bá nílò láti di nǹkan mú, ewé ni kí ẹ dì mú, ẹ má di igi rẹ̀ mú. Ewé tó já, òmíràn á hù. Igi tó bá tẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ibi tí rodo àti tòmátì ti yàtọ̀ rèé. Ẹ gbin rodo bó ṣe wà nínú ọ̀rá, kò jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tòmátì ní tirẹ̀, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé tó kù. Gbogbo apá igi tó wọ ilẹ̀ yẹn ló máa ta gbòǹgbò, kódà èyí tó ga jù tẹ́lẹ̀ á di alágbára. Ẹ fi ìka tẹ ilẹ̀ yí i ká, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá rọra da omi sí i nídìí, bí ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan, kí ilẹ̀ lè dì mọ́ gbòǹgbò.

Ẹ gé agolo mílíìkì lórí àti nídìí, kí ẹ fi yí ọmọ ata ká, kí ó wọ ilẹ̀ díẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jáde lóru láti gé ọmọ ata nídìí, á wá fi orí rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún yín láti bá láàárọ̀. Agolo ń dá a dúró. Ìbòòji imọ̀ ọ̀pẹ tó.  Ẹ gún un sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, nítorí oòrùn ọ̀sán ló burú jù, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 4 tàbí 5. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ní tiwọn, ọgbà nìkan ló lè yanjú wọn.

Lẹ́yìn tó ti wọlẹ̀

Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ má sáré gbé omi. Ẹ lọ wò ó ní ìdájí. Bó bá ti nà tọ́n-ọ́n, kò sí ewu. Èyí tó bá ṣì rọ ní ìdájí ni kí ẹ yẹ̀ wò: ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì, bó bá gbẹ, ẹ fún un lómi, bó bá tutù, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí ni kí ẹ máa bu omi sí, kì í ṣe orí ewé, àárọ̀ sì ni. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, àmọ́ kó má kan igi ata.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ bu ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó kún ìdérí ìgò mínírà kan, ẹ wọ́n ọn yí ká, kó jìnnà sí ìdí ata tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bò ó, ẹ bomi sí i. Ẹ má lérò pé méjì á yá ju ọ̀kan lọ: ewé ni á máa hù ṣáá, òdòdó kò ní yọ. Tòmátì nílò ọ̀pá ọparun ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Aṣọ àlòkù tí ẹ fà ya ni kí ẹ fi so ó, kí ó lọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀pá àti igi, kó má baà há a mọ́ bó bá ń sanra.

Bàbá kan tó ń fín aáṣà béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí ewé tòmátì òun fi ń ká kò, tó ń ní àbàwọ́n. Tábà náà wà lára ẹbí wọn, àrùn ewé tábà sì lè bá ọwọ́ dé ara tòmátì. Ẹni tó ń fín aáṣà tàbí tó ń mu sìgá kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ata. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aáṣà ti pẹ́ ju tòmátì lọ lọ́wọ́ àwọn.

Ẹ máa yí ewé wò lábẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ ó rántí 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn sọ ní Ebola tòmátì, jẹ oko tòmátì lókè Ọya débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì, tí ẹ̀yin náà sì rí iye tí wọ́n ń ta tòmátì lọ́jà. Ìdin rẹ̀ máa ń gba àárín awọ ewé méjèèjì kọjá, ojú ọ̀nà rẹ̀ á funfun bí ibi tí a ti họ. Ẹ já irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ sun ún. Fún àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, ẹ gún ewé dongoyárò kílò 1, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi lítà 5, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí dongoyárò kò lè ṣe nǹkan kan sí. Igi ata tó ń tutù yọ̀yọ̀ lánàá, tó rọ lójijì lónìí pẹ̀lú ewé tútù lára rẹ̀, tí kò sì dìde ní ìdájí. Ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ìdí, kí ẹ gbé ojú ibi tí ẹ gé sínú ife omi tó mọ́, láìmì ín. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí nǹkan funfun bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ bí èéfín tín-ín-rín, àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sì ní oògùn. Ẹ hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí ẹ ti ń bu ajílẹ̀. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ inú àpò náà sí ibi tó jìnnà sí ọgbà, kí ẹ fọ ọ̀bẹ kí ẹ tó lọ síbi igi kejì.